Ayọ́kẹ́lẹ́ Tí Etí Rí

Àwọn ará Igbó-Olóbì ní òwe kan tí àlejò kì í gbọ́ kí ó má họ orí. Wọ́n á ní, "Ẹni tí a torí rẹ̀ ra ayọ́kẹ́lẹ́, etí ló fi rí i." Àlejò á béèrè pé ìgbà wo ni etí bẹ̀rẹ̀ sí í ríran? Ojú ni í rí, etí ni í gbọ́, kálukú ló ní iṣẹ́ tirẹ̀ lórí. Àwọn kan tilẹ̀ máa ń sọ pé àṣìsọ ni, pé ẹni tó kọ́kọ́ pa òwe náà ti mu ẹmu yó. Irọ́ ni. Obìnrin tó sọ ọ́ kò fẹnu kan ẹmu rí. Omijé ló wà lójú rẹ̀ lọ́jọ́ náà, inú sì ń bí i. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́, kí ẹ lè mọ ibi tí ẹ ó ti máa lò ó.

Nígbà tí kòkó ṣì lówó lórí, ọkùnrin méjì kan wà ní ìlú náà, Ògúnríndé àti Ajíbóyè. Ẹgbẹ́ ni wọ́n, ọ̀rẹ́ sì ni wọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti jọ ń dẹ pàkúté fún ọ̀kẹ́rẹ́. Ògúnríndé ní lọ́rì kan tó ń fúnra rẹ̀ wà, ó ń fi í kó kòkó lọ sí Ìbàdàn. Ajíbóyè jẹ́ télọ̀. Kì í ṣe télọ̀ tó ń lẹ ṣòkòtò o. Òun ló ń rán yunifọ́ọ̀mù fún àwọn ilé ìwé agbègbè náà, ó ní ọmọṣẹ́ rẹpẹtẹ, ó sì ní ọkọ̀ kan tó fi ń kó aṣọ kiri. Ọ̀kan ò ju èkejì lọ, ìyẹn sì ni ọ̀rẹ́ wọn fi tọ́jọ́. Ẹ má bínú sí mi, ọ̀rẹ́ mìíràn wà tó jẹ́ pé ìdọ́gba ló so ó pọ̀, kì í ṣe ìfẹ́.

Ìdọ́gba yẹn ló bàjẹ́ lọ́jọ́ tí Ajíbóyè ra ọkọ̀ kejì. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni, pupa bí osùn. Awọ ni wọ́n fi ṣe ìjókòó rẹ̀, òrùlé rẹ̀ sì ṣeé ká sẹ́yìn bí ẹni ká ẹní, kí atẹ́gùn lè máa fẹ́ sí ẹni tó wà nínú rẹ̀. Kò lè gbé àpò kòkó kan ṣoṣo. Kò lè gba ìdì aṣọ pàápàá. Ọjọ́ Sátidé àti ọjọ́ Àìkú nìkan ni Ajíbóyè ń gbé e jáde, ìgbafẹ́ lásán ló wà fún.

Nígbà tí Ògúnríndé kọ́kọ́ rí i, ó dì mọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Kú oríire o! A ó lò ó pẹ́, a ó fi ṣe rere." Ẹnu lásán ló fi sọ bẹ́ẹ̀, owú ti wọ inú rẹ̀. Nígbà tó délé, kò lè jẹ iyán tí Mojírọ́lá, ìyàwó rẹ̀, gún fún un. Ó ní iyán náà ní kókó. Iyán ò ní kókó, inú òun fúnra rẹ̀ ni kókó wà.

Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, ọkọ̀ pupa dúró níwájú ilé Ògúnríndé. Ajíbóyè ti gba dírẹ́bà kan láti Ìbàdàn, ọkùnrin tí kò mọ ẹnikẹ́ni ní ìlú. Òun alára jókòó sẹ́yìn, ó wọ jígí dúdú.

"Ọ̀rẹ́ mi, wọ mọ́tò ká lọ," ló wí. "Omi tó ń já bọ́ láti orí àpáta, tí a ti ń gbọ́ ìròyìn rẹ̀ láti kékeré, ibẹ̀ là ń lọ. Mo sì ní ọ̀rọ̀ kan tí mo fẹ́ bá ọ sọ tí a bá débẹ̀."

"Ẹ̀yìn ń dùn mí," ni Ògúnríndé dáhùn.

"Pẹ̀lẹ́ o. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ńkọ́?"

"Bí Ọlọ́run bá fẹ́."

Ọlọ́run fẹ́, Ògúnríndé ni kò fẹ́. Nígbà tí Ajíbóyè tún dé, ó ní ẹsẹ̀ ló ń dun òun. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ó ní òórùn bẹntiróòlù ń mú kí òòyì kọ́ òun, òun tó ti ń wa lọ́rì kí ó tó hu irùngbọ̀n! Gbogbo ìgbà ni Ajíbóyè ń sọ pé òun ní ọ̀rọ̀ kan tí òun fẹ́ bá a sọ. Gbogbo ìgbà náà ni Ògúnríndé sì ń sọ nínú ara rẹ̀ pé, "Ọ̀rọ̀ wo? Ó fẹ́ ka iye tó rà á fún mi ni."

Owú burú. Bó bá ti wọ ènìyàn lára, kò ní rí nǹkan kan bó ṣe wà mọ́. Ajíbóyè gba dírẹ́bà, Ògúnríndé ní, "Ṣé ọwọ́ tirẹ̀ kán ni?" Ajíbóyè wọ jígí dúdú, ó ní, "Ó ti di òyìnbó." Wọ́n wá sọ fún un pé Ajíbóyè kì í jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mọ́, pé àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ ló ń bá a ti òwú bọ abẹ́rẹ́. "Hẹn-ẹn," ló wí, "ọ̀gá kì í fọwọ́ kan abẹ́rẹ́ mọ́." Òwú ni wọ́n sọ, owú ni Ògúnríndé gbọ́.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìkíni ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ pátápátá. Láyé ìgbà náà, ẹni tó ń wa lọ́rì kì í fi ẹnu kí ènìyàn lójú ọ̀nà, nítorí ariwo ẹ́ńjìnnì kò ní jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ. Ọwọ́ ni wọ́n máa ń nà jáde lójú fèrèsé, ẹni tí wọ́n bá kí á sì na tirẹ̀. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan tí Ògúnríndé ń kó ẹrù lọ, ó rí Ajíbóyè níwájú ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ rẹ̀, ó dúró, ó kọjú sí títì gan-an. Ògúnríndé na ọwọ́ sí i. Ajíbóyè ò na tirẹ̀. Nígbà tó ń padà bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ó tún bá a níbẹ̀, ó tún na ọwọ́. Ajíbóyè dúró bẹ́ẹ̀, kò mira.

Ẹ bú Yorùbá, ó lè dárí jì yín. Ṣùgbọ́n kí ó kí yín kí ẹ má dáhùn? Ògúnríndé sáré wa lọ́rì délé. Kò tilẹ̀ tíì bọ́ bàtà tó fi pe ìyàwó rẹ̀.

"Jírọ́lá, èmi náà máa ra ayọ́kẹ́lẹ́."

Mojírọ́lá gbé abọ́ tó ń fọ̀ kalẹ̀. Gbogbo ilé ló mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì lọ́rì ti ń wúkọ́, àti pé owó tó wà nílẹ̀, owó ẹ́ńjìnnì tuntun ni. Lọ́rì náà ló sì ń bọ́ wọn.

"Bàbá Tinú, kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Ìgbafẹ́. Lọ́jọ́ Àìkú."

"Ìgbafẹ́ lọ síbo?"

 Ògúnríndé ronú títí, kò rí ibì kan tó wù ú láti lọ. Ibi kan ṣoṣo tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni iwájú ilé Ajíbóyè, ìyẹn ò sì ṣeé sọ lójú ìyàwó.

Mojírọ́lá ní, "Ẹ gbọ́ mi. Tó bá jẹ́ pé mọ́tò ló wù yín, ẹ rà á, n ò ní janpata. Ẹni tó ṣiṣẹ́ yẹ kó fẹ́ atẹ́gùn sára. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ torí Bàbá Gbèmí, ọ̀rẹ́ yín, ni, ẹ dákun, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tún èyí tó ń bọ́ wa ṣe. Gbogbo aláǹgbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Ẹ ò tilẹ̀ bi í léèrè ìdí tó fi ra tirẹ̀."

"Ìdí wo? Kó lè fi mí ṣẹ̀sín ni!"

Mojírọ́lá gbé abọ́ rẹ̀, ó ń bá fífọ̀ lọ. Ó mọ̀ pé ọkọ òun ti rà á tán nínú ọkàn rẹ̀, ó ku kó sanwó ni.

Ó sì san án. Ó lọ sí Ìbàdàn, ó ṣa ọkọ̀ títí ọjọ́ fi rọ̀, èyí tó mú sì ní àwọ̀ wúrà, ó ń dán bí idẹ tí wọ́n fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀. Òrùlé tirẹ̀ náà ṣeé ká sẹ́yìn. Ó ní kí wọ́n bá òun fi fèrè ńlá kan sí i, irú èyí tí ènìyàn á gbọ́ lóko. Àwọn tó sọ ọkọ̀ kékeré ní ayọ́kẹ́lẹ́ mọ ohun tí wọ́n ń sọ, torí pé jẹ́jẹ́ ló ń yọ́ lọ, kì í dá ìlú jí bíi lọ́rì. Ṣùgbọ́n Ògúnríndé ò ra tirẹ̀ kó lè yọ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ló wà á wọ àdúgbò Ajíbóyè. Ó wọ agbádá, ó dé fìlà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ajíbóyè nìyẹn, ó jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé rẹ̀, ó kọjú sí títì.  Ó rọra wà á kọjá, ó fun fèrè. Àwọn ọmọdé tú jáde. Àwọn obìnrin fi ohun tí wọ́n ń ṣe sílẹ̀. Bàbá arúgbó kan tó ń sùn lábẹ́ igi jí, ó ń béèrè ta ló kú. Gbogbo ènìyàn ló ń wo ọkọ̀ wúrà. Ajíbóyè nìkan ni kò wò ó. Ńṣe ló yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ògúnríndé lọ yípo ní ìsàlẹ̀, ó padà wá. Ó fun fèrè gan-an lọ́tẹ̀ yìí. Ajíbóyè tún yí ojú kúrò. Ó tún yípo, ó tún padà, ó fun fèrè títí adìyẹ fi ń fò wọlé. Àwọn ènìyàn ń jó, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, ṣùgbọ́n kò rí ìkankan nínú wọn. Ojú kan ṣoṣo ló torí ẹ̀ náwó, ojú ọ̀hún ò sì dá a lóhùn. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà dójú ẹ̀, ó pa ọkọ̀ sójú títì, ó sọ̀ kalẹ̀, ó gun àtẹ̀gùn ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà, ó lọ dúró síwájú Ajíbóyè gbọọrọ. Kò kí i. Ó fẹ́ kí ó kọ́kọ́ wo òun lójú.

Jígí dúdú wà lórí itan Ajíbóyè. Ojú rẹ̀ là kalẹ̀, ó kọ sí Ògúnríndé tààrà, oòrùn sì mọ́lẹ̀ kedere.

"Ta nìyẹn?" ni Ajíbóyè wí. "Ta ló dúró síwájú mi?"

Gbogbo èébú tí Ògúnríndé tò sẹ́nu wálẹ̀ fọ́n ká.

"Èmi ni," ló wí. "Ògúnríndé."

"Ọ̀rẹ́ mi!" Inú Ajíbóyè dùn tó bẹ́ẹ̀ tó fi ń fọwọ́ wá àga fún un. "Jókòó, jókòó. Ẹ̀yìn ńkọ́? Ẹnì kan ti ra mọ́tò tuntun o, ó ń lọ ó ń bọ̀ níwájú ilé mi láti ọ̀sán. Mo ń dẹ etí sí i. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ rọ̀ létí. Ó dájú pé o rí i. Àwọ̀ wo ni?"

Ògúnríndé ò lè sọ àwọ̀ tó fi odidi ọjọ́ kan ṣà.

Ìbídùn, ìyàwó Ajíbóyè, ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti rí gbogbo rẹ̀, láti ìgbà tí fèrè ti kọ́kọ́ dún. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni, ṣùgbọ́n sùúrù rẹ̀ tán lọ́jọ́ náà.

"Bàbá Tinú, ó ti pẹ́ tí ojú ti ń ṣú mọ́ ọn. Dókítà ní kó tètè wo ohun tó bá wù ú láti wò. Télọ̀ tí kò ríran, ta ló máa gbé aṣọ fún un? A fi ọ̀rọ̀ náà pa mọ́. Ó ní ẹ̀yin nìkan lòun máa sọ fún, pé kò ṣeé sọ lójú àwọn ọmọṣẹ́, pé tí ẹ̀yin méjèèjì bá jókòó létí omi yẹn, òun á sọ ọ́. Torí kí ẹ lè jọ wo ayé kí ilẹ̀ tó ṣú ló ṣe ra mọ́tò pupa. Ẹ̀yìn ń dùn yín. Ẹsẹ̀ ń dùn yín." Ó fi ọwọ́ nu ojú rẹ̀, ó yíjú sí ọkọ̀ tó ń dán lójú títì. "Tiyín lẹ wá fi hàn án lónìí? Ẹ kú ìnáwó o. Ẹni tí ẹ torí ẹ̀ rà á, etí ló fi rí i."



"Ìwọ lo rà á?" ni Ajíbóyè béèrè. Ó wá ọwọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó dì í mú. "Kú oríire. Wàá lò ó pẹ́." Látinú ọkàn ló ti sọ tirẹ̀, ìyẹn ló sì jẹ́ kó dun Ògúnríndé dé eegun.

"Wọ mọ́tò ká lọ," ni Ògúnríndé wí. "Dìde, ká lọ síbi omi yẹn nísinsìnyí."

"Kí n lọ wo kí ni?"

Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ó kàn béèrè ni, bí ọ̀rẹ́ ṣe ń bi ọ̀rẹ́. Ògúnríndé jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú agbádá rẹ̀, ó sunkún bí ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú.

Kí òjò ọdún náà tó dá, ẹ́ńjìnnì lọ́rì ti kú, ọkọ̀ wúrà sì ti dọwọ́ ẹlòmíràn. Ìyẹn ò tó nǹkan, a ń pàdánù ọkọ̀, a sì ń ra òmíràn. Àwọn ọjọ́ Àìkú tí ojú Ajíbóyè ṣì ń ríran ni Ògúnríndé ò rí rà padà lọ́jà kankan.

Nítorí náà, ohun tó bá wù ọ́, tí agbára rẹ sì ká, rà á, fi ṣe fàájì, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá ọ lẹ́kun. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé ojú ẹnì kan lò ń ràjà sí, kọ́kọ́ lọ sílé olúwarẹ̀, kí o bi í bí ara ṣe rí. Ará Igbó-Olóbì ò ní bá ọ jiyàn tó o bá kọ̀. Wọ́n á kàn wo ọkọ̀ rẹ, wọ́n á wo ojú rẹ, wọ́n á ní ẹni tí a torí rẹ̀ ra ayọ́kẹ́lẹ́, etí ló fi rí i.