Ajá tí Àwẹ̀ró Gbà Sílé

Opó ni Àwẹ̀ró, ará abúlé Ìdí-Àfọ̀n. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, tí ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo sì ti bá ọkọ tirẹ̀ lọ sí ọ̀nà jíjìn, ó ku òun nìkan nínú ilé tó ti gba èrò rí. Oko àgbàdo kan létí igbó ló fi ń jẹun, àwọn ọ̀bọ sì ti sọ oko náà di tiwọn. Bí wọ́n bá jẹ ti ọdún yìí náà tán, àfi kó kó ẹrù rẹ̀, kó lọ máa gbé lọ́dọ̀ àna rẹ̀ bí àlejò.

Lọ́jọ́ kan, ó rí ajá kan tí ọdẹ pa tì lẹ́bàá odò. Ojú ẹgba kún ẹ̀yìn rẹ̀. Àwẹ̀ró fi iṣu tàn án délé, ṣùgbọ́n abẹ́ àká ni ajá wọ̀ lọ. Bí Àwẹ̀ró bá gbé oúnjẹ fún un, kò ní jẹ ẹ́ àyàfi tí obìnrin náà bá kẹ̀yìn sí i. Àwẹ̀ró kò fà á, kò jágbe mọ́ ọn. Ìdí àká yẹn ló ń jókòó sí ran òwú, tó ń bá a sọ ohun tí kò rí ẹlòmíràn sọ fún, títí ajá fi gbé orí lé e lẹ́sẹ̀.

Nígbà tí àgbàdo gbó, ó so ajá mọ́ òpó ahéré gẹ́gẹ́ bí àwọn ará oko ti ń ṣe, ó sì lọ sílé. Nígbà tó padà dé, ọ̀bọ ti ya àgbàdo níwájú ajá. Ajá ká jọ, ó ń wo ọ̀nà abúlé.

Láṣebìkan, tí oko wọn jọ pààlà, rẹ́rìn-ín. "Ìyá, ọ̀bọ ló yẹ kó máa ṣọ́ ajá tiyín. Ẹ mú un wá, ká fi se ọbẹ̀."

"Ikùn rẹ ló ń sọ̀rọ̀. Ṣé o rí ibi tó ń wò?"

"Ta ló ń retí?"

"Èmi ni. Èmi tí mo mọ bí ilé ofìfo ti ń rí, èmi náà ni mo fi í sílẹ̀ lóun nìkan."

Ó tú okùn, ó sì jókòó. Nígbà tí àwọn ọ̀bọ dé, ajá dìde, ó bojú wẹ̀yìn. Àwẹ̀ró dìde pẹ̀lú. "Mo wà níbí," ló wí jẹ́ẹ́jẹ́. Ajá rìn díẹ̀, ó tún bojú wẹ̀yìn. Obìnrin náà ń tẹ̀ lé e. Ìgbà náà ló tó fò lọ. Ó ki olórí wọn mọ́lẹ̀, kò sì fi í sílẹ̀ títí ó fi kú. Àwọn yòókù sá wọ igbó.

Ẹnu ya Láṣebìkan. "Ìyá, kí lẹ fún un jẹ?"

"Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo dúró sí."

Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ ti di ti ẹnu àgbà pé: ajá tó bá lẹ́ni lẹ́yìn á pa ọ̀bọ.