Ọ̀rọ̀ Tó Wà Láàárín Àmì Méjì

Jókòó, olùkọ́, kí n sọ ti ọkùnrin kan fún ọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa kọ ojú ìwé orí íńtánẹ́ẹ̀tì fún ilé ìwòsàn kan, ó sì mọ iṣẹ́ náà dunjú. Ìwà rẹ̀ kan ṣoṣo ni mi ò fẹ́: kò ní sùúrù fún ohunkóhun tó bá ti gbó.

Bàbá kan ló ṣe iṣẹ́ náà ṣáájú rẹ̀, ó ti fẹ̀yìntì. Àwọn àmì àtijọ́, ìyẹn àṣẹ tí wọ́n ń kọ láti fi sọ fún fóònù ohun tó máa gbé jáde, ni bàbá yìí fi kọ ojú ìwé náà, irú èyí tí àwọn onímọ̀ ti ní kí ẹnikẹ́ni má lò mọ́. Ọkùnrin yìí rí wọn, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó gbá gbogbo rẹ̀ dànù, ó fi fídíò rọ́pò. Mi ò bá a wí fún ìyẹn o! Fídíò náà dára: nọ́ọ̀sì kan ń ṣàlàyé ohun tí èèyàn máa ṣe bí ọmọdé bá mu kẹrosíìnì.

Ẹni tó bá ń fi fídíò sójú ìwé, àmì kan ló fi ń ṣí i, òmíràn ló fi ń tì í, àyè sì wà láàárín méjèèjì fún ọ̀rọ̀. Fóònù tuntun á fo ọ̀rọ̀ náà, á gbé fídíò jáde. Fóònù àtijọ́ tí kò mọ àmì yẹn rí ńkọ́? Àmì ló máa fò, á sì gbé ọ̀rọ̀ tó bá láàárín jáde. Àbí kò yà ọ́ lẹ́nu? Ó ya èmi lẹ́nu gan-an. Mo ní kí wọ́n ṣe é lójú mi lẹ́ẹ̀mejì.

Ohun tí ọkùnrin náà kọ sáàárín ni pé: "Fóònù yín ti gbó. Ẹ lọ ra tuntun."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọmọ ọdún méjì gbé kẹrosíìnì mu nílé ìyá rẹ̀ àgbà. Màmá ti bu epo pupa sínú ife kí ọmọ lè bì í, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé wọn. Àmọ́ ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀. Ó kọ́kọ́ ṣí ojú ìwé ilé ìwòsàn lórí fóònù rẹ̀ àtijọ́. Ẹ lọ ra tuntun ló bá níbẹ̀. Ló bá da epo sí ọmọ lẹ́nu. Ọmọ bì, kẹrosíìnì wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi du ẹ̀mí rẹ̀ kó tó yè.

Ọkùnrin náà gbọ́, ó lọ bẹ màmá. Màmá ní, "Ìbéèrè ni mo bi yín, ẹ bú mi."

Ó délé, ó wá ẹ̀dà iṣẹ́ bàbá tó ṣáájú rẹ̀ tó ṣì kù nípamọ́ jáde. Láàárín àwọn àmì tó fi ṣe yẹ̀yẹ́, ó kà á: "Ẹ má fún un lépo. Ẹ má jẹ́ kó bì. Ẹ gbé e wá kíákíá." Ó sunkún bí ọmọdé.

Olùkọ́, ìyá arúgbó kan tó wà ní kíláàsì àgbà rẹ sọ pé kí o tún ẹ̀kọ́ àná ṣe. O ní ọpọlọ rẹ̀ ti dógùn-ún. Mo gbọ́. Bó ṣe máa ka ohun tí wọ́n kọ sára ìgò oògùn ọkọ rẹ̀ ló wá kọ́ lọ́dọ̀ rẹ, kò sì wá lónìí. Dìde. Lọ bá a nílé, kí o sì sọ ọ́ lọ́nà tó máa yé e.