Ilé Tí Wọ́n Ní Kò Ní Onílé
Ojú Akínfẹ́nwá, ajagungbalẹ̀ tí Baálẹ̀ pàápàá ń fi sùúrù bá sọ̀rọ̀, wọ ilé ńlá kan tí àwọn tó kọ́ ọ kì í dé sí àfi nígbà Kérésì. Ó dúró níwájú Baálẹ̀, ó sọ fún Ìyá Ṣubúọlá tó ń ṣọ́ ilé náà pé, "Ilé yìí kò ní onílé. Ẹ fi onílé hàn mí láàárọ̀ ọ̀la, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, màá kó wọ ibẹ̀." Kánádà sì ni àwọn onílé wà! Ìyá ò janpata. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó pe Baálẹ̀ wá jẹ ẹ̀kọ gbígbóná ní pálọ̀, ó ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu, ó fi ìró àti gèlè kọ́ sára ilẹ̀kùn, ó gbé ọṣẹ àti kàìnkàìn sẹ́nu ọ̀nà, ó wá bọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ń bu omi dà sínú bàsíà, wàà, wàà. Akínfẹ́nwá kó géńdé mẹ́fà dé. Wọ́n rí ìró, wọ́n gbọ́ omi, gbogbo wọn dúró sójú kan. Ta ló fẹ́ já lu ìyá arúgbó ní ìhòòhò? Akínfẹ́nwá kẹ̀yìn sílé, ó pariwo, "Àgò o! Àgò onílé o!" "Àgò yà!" Baálẹ̀ ló dáhùn, tó sì jáde tòun ti abọ́ ẹ̀kọ. "Onílé wo lò ń kí, Akínfẹ́nwá? Ẹjọ́ parí, ẹnu rẹ ló dá a." Ìyá Ṣubúọlá yọ jáde nínú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, ara rẹ̀ gbẹ táútáú: "Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin àlejò. Àwọn onílé ń bọ̀ lọ́dún. Tí ẹ bá padà wá, ẹ tún kágò."