Àmì Apá Ọmọge Aláyangàrí

Obìnrin kan wà tó fẹ́ fẹ́ ìyàwó fún ọmọ rẹ̀. Bí àṣà wa, ó rán àbúrò ọkọ rẹ̀ lọ wádìí ìdílé ọmọge kan tó wù ú wò. Ìyẹn bá ọmọge nídìí agbada, níbi tó ti ń yan gàrí. Ó yọjú láti ẹnu ọ̀nà, ó rí àmì kan lápá rẹ̀, ó sì yí padà.

Nígbà tó délé, wọ́n ní, "Báwo?" Ó mí kanlẹ̀.

"Ọmọ dáadáa ni o. Àmọ́, ó ní nǹkan lára. Ẹnu mi kọ́ lẹ ó ti gbọ́ ìyókù."

Lójú tirẹ̀, ó ń bo ọmọ ọlọ́mọ láṣìírí ni. Áà, ọmọ aráyé! Kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná, ẹ̀tẹ̀ ni gbogbo agbo ilé ń pè é. Wọ́n ránṣẹ́ pé àwọn ò ṣe mọ́.

Ọkàn ìyá kò balẹ̀. Ó bi àbúrò ọkọ rẹ̀ pé, "Ìbàdí-àrán, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó wú ni àbí ó tẹ́jú? Ṣé egbò ni? Ṣé ó lómi nínú bí ìléròrò? Àbí ó rí róbótó, tó ń yún un, bíi lápálápá?"

"Ìyàwó, mi ò sún mọ́ ọn."

Ni ìyá bá wọkọ̀, ó lọ fúnra rẹ̀. Ó fọwọ́ pa apá ọmọ náà. Ó tẹ́jú, ó ń dán, kò lómi, kò sì yún un. Àpá ni.

Ọmọge ní, "Etí agbada ló jó mi, mà. Ẹ̀ bá ti bi mí." Ó bú sẹ́kún.

Ìyá bẹ̀bẹ̀ títí. Bàbá ọmọge kò gbà. Ó ní ilé tó lè pe ọmọ òun ní adẹ́tẹ̀ láìwò ó, òun ò ní fi ọmọ síbẹ̀. Ta ló fẹ́ bá a wí?

Ìyá Oyinlọlá, ìdí tí mo fi sọ ìtàn yìí fún ọ ni pé mo gbọ́ ohun tí o sọ nípa olùkọ́ àwọn ọmọdé wa ní ìpàdé àná. O ní, "Ẹ máa ṣọ́ra fún un, mi ò fẹ́ sọ̀rọ̀." Mo mọ̀ pé ìkà kọ́ ni ọ́, àánú rẹ̀ ló ṣe ọ́. Ṣùgbọ́n kí lo rí? Bó bá jẹ́ pé ó jágbe mọ́ ọmọ ni, sọ pé ó jágbe. Bí o kò bá rí nǹkan kan, sọ bẹ́ẹ̀. Láti àárọ̀ làwọn ìyá ti ń kó ọmọ wọn kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, obìnrin náà sì ti ń di ẹrù. Dìde, wọ bàtà rẹ, ká lọ bá a. Ó ṣì wà nílé.