Ọmọ Tó Ń Ṣọ́ Ojú Ìyá Rẹ̀

Ní ìlú Òkè-Amọ̀, níbi tí kò sí obìnrin tí kò mọ bí a ti ń mọ ìkòkò, ọwọ́ Àwẹ̀ró ló dáa jù. Bí ó bá mọ àmù, omi inú rẹ̀ a máa tutù nini. Ọdẹ ni Ọdẹ́dìran, ọkọ rẹ̀. Ọ̀dọ̀ ìyá ọkọ ni wọ́n ń gbé, obìnrin tí gbogbo agbo ilé ń pè ní Ìyá Àgbà, tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ ṣùgbọ́n tí inú rẹ̀ mọ́. Ọmọ kan ṣoṣo ni Àwẹ̀ró tíì bí, Ìlọ̀rí lorúkọ rẹ̀. Ó ti ń sáré kiri, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò tíì ju ẹyọ méjì-mẹ́ta lọ.

Kò sí ọmọ tó mọ oorun sùn bí Ìlọ̀rí. Ó lè sùn ti òun ti òkèlè lẹ́nu. Ìyá Àgbà a sì máa fi í yangàn fún àwọn aládùúgbò pé ọmọ-ọmọ òun kò mọ bí wọ́n ti ń yọ ìyá lẹ́nu.

Ó wá di ọjọ́ kan tí Àwẹ̀ró fẹ́ ru ìkòkò lọ sí ọjà tó wà ní òdìkejì odò.

Ìyá Àgbà bi í pé, "Ṣé o fẹ́ kí ọmọ rí ọ ni? Bó bá rí ọ, yóò sunkún pa wá nílé yìí. Yọ́ lọ, jàre, kó tó jí."

Ta ni kì í ṣe bẹ́ẹ̀ nínú wa? A ó fi aṣọ bo ọmọ, a ó yọ ẹsẹ̀ bí olè, a ó sì ní ọgbọ́n la dá. Àwẹ̀ró yọ́ lọ. Ó rò pé kí oòrùn tó wọ̀ òun yóò ti dé, àṣé òjò ń bọ̀. Odò kún, kò ṣeé là kọjá, ọjọ́ kejì ló tó rí ọ̀nà wálé. Ẹnu ọ̀nà ló ti bá Ìlọ̀rí. Ọmọ náà ti wọ́ ẹní ìyá rẹ̀ débẹ̀, ó jókòó lé e, ẹkún sì ti mú kí ohùn rẹ̀ há.

Láti ọjọ́ náà ni oorun ti kọ Ìlọ̀rí, kò sì jẹ́ kí ìyá rẹ̀ náà sùn. Bí Àwẹ̀ró bá ti dijú, ọmọ á fi ìka méjì ṣí i. "Ìyá, ojú!" Bí ó bá kọjú sí ògiri, ọmọ á gun ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá sí apá kejì. "Ìyá, ojú!"

Wọ́n fi omi gbígbóná wẹ̀ ẹ́, wọ́n fi àdí pa á lára, wọ́n fún un ní ẹ̀kọ gbígbóná mu yó. Ojú Ìlọ̀rí ń wò ranran. Ìyá Abọ́sẹ̀dé, aládùúgbò tí òun àti Àwẹ̀ró jọ ń mọ ìkòkò, ní kí wọ́n kúkú sọ ọ́ ní Òní, orúkọ tí à ń sọ ọmọ tó bá ń ké tọ̀sán tòru. Ọdẹ́dìran ní ọ̀rọ̀ náà kò le tó bẹ́ẹ̀, ìjálá òun yóò kápá rẹ̀. Ó gbé ọmọ lé itan, ó gbẹ́nu lé ìjálá. Kò pẹ́ tí Ìyá Àgbà fi bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun, ajá ọdẹ na ẹsẹ̀ gbọọrọ, Ọdẹ́dìran alára sì sùn lọ láàárín oríkì ẹfọ̀n. Ìlọ̀rí nìkan ló ń pàtẹ́wọ́ fún un.

Ẹ̀rín lọ̀rọ̀ náà lójú ará ilé, ṣùgbọ́n Àwẹ̀ró kò lè rẹ́rìn-ín mọ́. Baálẹ̀ ti ní kó bá òun mọ àmù ńlá fún ìgbéyàwó ọmọ òun, oorun kò sì jẹ́ kó rí i mọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó tòògbé lé àmù tútù lórí. Nígbà tí yóò gbé orí sókè, imú rẹ̀, ètè rẹ̀ àti ojú rẹ̀ tó dì ti hàn kedere lára amọ̀.

Ìyá Abọ́sẹ̀dé kígbe pé, "Má pa á rẹ́ o! Baálẹ̀ kò tíì ní àmù tó ń hanrun rí!"

Omijé bọ́ lójú Àwẹ̀ró. "Kí ni mo ṣe fún ọmọ yìí tó fi ń fi oorun dù mí?"

Nígbà tí Ọdẹ́dìran gbọ́, ó ní ó tó gẹ́ẹ́. Lọ́la, bí oòrùn bá ti rọ̀, òun yóò gbé Ìlọ̀rí lọ sọ́dọ̀ ìyá Àwẹ̀ró ní ìlú rẹ̀, kó wà níbẹ̀ títí òjò yóò fi dá. Àwẹ̀ró kò fẹ́ bẹ́ẹ̀ rárá. Ọmọ kan ṣoṣo, báwo ni ilé yóò ti rí láìsí i? Ṣùgbọ́n àárẹ̀ kò jẹ́ kó lè jiyàn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ó tẹ́ ẹní sábẹ́ igi ọdán tó wà nítòsí ibi tí wọ́n ti ń mọ ìkòkò, ó ní kí òun àti ọmọ òun jọ dùbúlẹ̀ kí wọ́n tó wá gbé e lọ. Ó dijú. Ìka méjì dé. "Ìyá, ojú!" Lọ́tẹ̀ yìí, kò la ojú. Ó fi àlàfo bíńtín sílẹ̀ láàárín ìpéǹpéjú rẹ̀, ó ń yọjú wo ohun tí ọmọ náà ń ṣe.

Ohun tó rí yà á lẹ́nu. Ìlọ̀rí kò ṣeré. Ó jókòó tì í, ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, orí rẹ̀ ń já lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bó ti kù díẹ̀ kó ṣubú, ó ta gìrì, ó fi ọwọ́ gbá ara rẹ̀ lẹ́rẹ̀kẹ́, ó tún jókòó dáadáa. Etí ìró ìyá rẹ̀ ló wé mọ́ ọwọ́ yíká-yíká.

Ìyá Àgbà tó ń bọ̀ láti ẹ̀yìnkùlé rí i. Ẹ̀rín pa á títí gèlè fi bọ́ lórí rẹ̀.

"Ẹ wá wo olùṣọ́ o! Ìwọ lo ní ìyá rẹ ò gbọdọ̀ sùn. Ojú tìrẹ náà ha kan oorun bí?"

Àwọn ará ilé dé, ẹ̀rín sọ. Ṣùgbọ́n etí ìró tó wà lọ́wọ́ ọmọ ni Àwẹ̀ró ń wò. Ó dìde jókòó.

"Ìlọ̀rí mi, kí lò ń ṣọ́?"

Ọmọ náà wò ó lójú. Ó ní, "Ìlọ̀rí sùn. Ìyá lọ."

Ẹ̀rín dá. Ìyá Àgbà lọ́ra kó tó mú gèlè rẹ̀ nílẹ̀. "Èmi ni mo ní kó o yọ́ lọ," ló wí. "Èmi ni mo kó bá oorun ọmọ mi."

Àwẹ̀ró gbá ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ayọ̀ àti àánú dàpọ̀ nínú rẹ̀. Àṣé ọmọ tó rò pé ó ń fìyà jẹ òun ń fi oorun tirẹ̀ ṣọ́ òun ni! Ó dìde, ó ní, "Ìlọ̀rí, mò ń lọ síbi ìléru. Mò ń bọ̀ o." Ọmọ bú sẹ́kún. Ó dé ìléru tí wọ́n ti ń sun ìkòkò, ó padà. "Ìlọ̀rí, mo dé!" Ó tún lọ sí ẹnu ọ̀nà. "Ó dàbọ̀ o!" Ó tún padà. Ìyá Abọ́sẹ̀dé bá a gbè é, Ìyá Àgbà náà fi ọ̀pá tilẹ̀ lọ, ó ń juwọ́. Ọdẹ́dìran tó wá gbé ọmọ lọ bá gbogbo agbo ilé níbi tí wọ́n ti ń dágbére tí wọ́n sì ń kí ara wọn káàbọ̀. Lẹ́yìn-ò-rẹ̀yìn, Ìlọ̀rí alára juwọ́: "Ìyá, dàbọ̀!" Ibi tó ti ń rẹ́rìn-ín ni oorun ti gbé e lọ. Àwẹ̀ró dùbúlẹ̀ tì í, òun náà sùn. Ìyá Àgbà jókòó tì wọ́n, ó ń fi ọ̀pá lé adìẹ. Ẹni tó bá fẹ́ wúkọ́, ìta agbo ilé ló lọ.

Kò sẹ́ni tó gbé Ìlọ̀rí lọ sí ìlú kankan mọ́. Àwẹ̀ró mọ àmù mìíràn fún Baálẹ̀, wọ́n sì sun àmù onímú fún ara wọn. Bí ọjọ́ ọjà bá pé, Àwẹ̀ró á jí ọmọ rẹ̀, á dágbére fún un. Ọmọ á sunkún díẹ̀, á lọ fọwọ́ kan imú àmù, á sì padà sórí ẹní lọ sùn.

Ọ̀rọ̀ tí Ìyá Àgbà sọ sí olùṣọ́ kékeré náà kò kúrò lẹ́nu àwọn ará Òkè-Amọ̀ mọ́. Ẹ̀rín ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń sọ ọ́, kó tó di ohun tí a fi ń kìlọ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ ni ọmọnìkejì lára. Ibẹ̀ ni àwọn àgbà ti mú un tí wọ́n fi ń pa á lówe títí dòní pé: ọmọ tó ní ìyá òun ò ní sùn, òun náà ò ní fojú kan oorun.