Fọ́tò Tí Ojú Ewé Kọ̀

Ọkùnrin kan wà tí ìyá rẹ̀ kú. Fọ́tò kan ṣoṣo tí ìyá náà ti rẹ́rìn-ín wà nínú fóònù rẹ̀. Òun àti àbúrò rẹ̀ obìnrin tó ń gbé ní Jọ́ọ̀sì jọ ń kọ ìwé ètò ìsìnkú lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, lójú ewé kan náà. Ọ̀la ni ìsìnkú, obìnrin tó ń tẹ̀wé sì fẹ́ gba ìwé náà kó tó di ọ̀sán.

Ó fi fọ́tò sí i, ojú ewé kọ̀ ọ́. Ó tún fi í sí i, ó tún kọ̀ ọ́. HEIC ni irú fọ́tò tí fóònù rẹ̀ ń yà, JPG sì ni ojú ewé náà ń gbà. Ọkùnrin yìí kì í tètè juwọ́ sílẹ̀. Ó ní, "Ṣé JPG lo fẹ́? Wàá rí JPG." Ó pa HEIC tó wà lẹ́yìn orúkọ fọ́tò náà rẹ́, ó kọ JPG rọ́pò rẹ̀. Ó sọ ọ́ lórúkọ tuntun, ó ku kí wọ́n gbé oyin àti iyọ̀ wá.

Àpótí funfun ló jáde lójú ewé. Àbúrò rẹ̀ pè é: "Bọ̀dá mi, òfìfo ni mò ń wò o. Ṣé bí a ó ṣe sin Màámi nìyí, láìsí ojú wọn?" Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lákínyẹmí ara.

Ó gbé fóònù lọ bá obìnrin tó ń tẹ̀wé. Ìyẹn wò ó, ó ní, "Ẹ má bínú, sà. Orúkọ lẹ yí padà, ẹ ò yí fọ́tò. Ẹ jẹ́ ká ṣí i, ká sọ òun gan-an di JPG." Ó ṣe bẹ́ẹ̀. Kò pẹ́ tí ìyá fi yọ lójú ewé, tó ń rẹ́rìn-ín, tí èjí ẹnu rẹ̀ hàn kedere. Àbúrò náà bú sẹ́kún ní Jọ́ọ̀sì.

Ìwọ tí o jókòó níwájú mi yìí, Ògúndélé lo ń jẹ́ nígbà tí o dé ṣọ́ọ̀ṣì wa. Olúdélé lo ń jẹ́ báyìí, o sì kéde rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn. Ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ wá bá èmi pásítọ̀ rẹ lánàá, ètè rẹ̀ wú. Inú bí mi, n kò ní fi pa mọ́ fún ọ. Orúkọ tí bàbá rẹ sọ ọ́ kò lu ẹnikẹ́ni. Ọwọ́ rẹ ló lu ìyàwó rẹ. Lọ bẹ ìyàwó rẹ lónìí, kí o sì yí ọwọ́ náà padà.