Okùn tí Ìbídùn Fi Wọn Ilé Láyọnu

Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Ta ni kì í sọ ọ́? Ẹni tó bá ra aṣọ tó ju agbára rẹ̀ lọ, ojú ẹsẹ̀ la ó sọ ọ́ sí i létí. Ẹni tó bá fi ìpìlẹ̀ ilé ńlá lélẹ̀ tí kò lè parí rẹ̀, a ó tún sọ ọ́, a ó sì rẹ́rìn-ín sí i. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bi ara wa: ta ló wọnú ihò lọ wọn ìtẹ́ eku? Ìtẹ́ ẹyẹ wà lórí igi, gbogbo ojú ló ń rí i, a kò fi ìyẹn pa òwe. Eku tí ilé rẹ̀ wà lábẹ́ ilẹ̀ la fi pa á. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi òwe yìí bú ènìyàn, ẹ fara balẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹkún ni kó tó di ọ̀rọ̀ èébú.

Ní abúlé Ìdí-Òmò, mọlémọlé kan wà tó ń jẹ́ Láyọnu. Bí ẹ bá rí ògiri amọ̀ tó dúró gbọn-in lágbègbè náà, ọwọ́ rẹ̀ ló mọ ọ́n. Nígbà tí Àwẹ̀ró aya rẹ̀ ń bímọ, ó kọ́ ilé ńlá kan tó yí àgbàlá ká, yàrá kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, ó sì tún kọ́ òmíràn de àwọn ọmọ-ọmọ. Ilé náà kún fún ariwo. Nígbà tó yá, Àwẹ̀ró kú. Àwọn ọmọbìnrin relé ọkọ. Àwọn ọmọkùnrin lọ dáko sí ọ̀nà jíjìn, wọ́n ní bí àwọn bá kórè tán àwọn ń bọ̀. Ìkórè ń lọ, ìkórè ń bọ̀, wọn kò dé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé abẹ́ páànù lè má mọ èyí: ilé koríko tí a kò dáná nínú rẹ̀, ikán ni yóò jẹ ẹ́. Èéfín ló ń lé ikán kúrò lórí òrùlé. Nítorí náà, ní òròòwúrọ̀, Láyọnu á kó ògúnná sínú àpáàdì, á máa gbé e láti yàrá dé yàrá. Á dáná síbi tí ẹnikẹ́ni kò sùn, á jókòó tì í títí yóò fi rú èéfín, á tún dìde. Kó tó dé yàrá ìkẹyìn, oòrùn á ti ga, òun fúnra rẹ̀ kò sì tíì fi nǹkan kan ẹnu. Bí ará abúlé bá ní kó jẹ́ kí díẹ̀ nínú yàrá náà wó, á ní, "Bí wọ́n bá dé ńkọ́? Níbo ni wọn ó sùn?" Ìdáwà bá a débi pé ó ń fi orúkọ ọmọ tó ni yàrá kí yàrá.

Lọ́jọ́ kan, ògiri tí àwọn ọmọdé abúlé mọ yí ọgbà ẹran ká wó, ó sì pa ewúrẹ́ baálẹ̀. Baálẹ̀ ní kí wọ́n kó wọn lọ bá Láyọnu, kó kọ́ wọn ní ìwọ̀n. Wọn kì í ṣe ọmọ ọwọ́, wọn kò sì tíì dàgbà. Láyọnu gbà kíá. Kì í ṣe nítorí ewúrẹ́ baálẹ̀ o. Ariwo ló ń wá.

"Igbá amọ̀ mẹ́ta, igbá omi kan," ló wí fún wọn.

Wọ́n pò ó, ó dára. Ó ní kí wọ́n wá fi igbá amọ̀ mẹ́fà pò ó. Bánkọ́lé, tí ẹnu rẹ̀ yá jù láàrin wọn, da igbá omi mẹ́rin sí i. Ògiri tí wọ́n fi mọ rọ̀ wálẹ̀ bí ẹ̀kọ gbígbóná, àwọn yòókù sì bú sẹ́rìn-ín.

"Bàbá, mo fi mẹ́ta kún amọ̀, mo sì fi mẹ́ta kún omi," ni Bánkọ́lé wí. "Kí ni mo ṣe tí kò dáa?"

Láyọnu kò bá a wí. "Ẹ mú ọkọ́ àti okùn," ló wí.

Ó kó wọn lọ sínú oko tí wọ́n ti fi sílẹ̀ kó sinmi. Wọ́n gbẹ́ ihò èlírí, eku kékeré yẹn, wọ́n sì mú un. Láyọnu ní kí wọ́n gé okùn tó gùn tó ara rẹ̀, kí wọ́n fi wọn ìtẹ́ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni okùn náà lọ nínú ìtẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rí ihò òkété.

"Níbo ni ìtẹ́ eléyìí yóò parí sí?" ni Láyọnu bi wọ́n.

Bánkọ́lé ní, "Ìtẹ́ èlírí fi okùn méjì ju ara rẹ̀ lọ. Ti òkété náà á fi okùn méjì yẹn ju ara rẹ̀ lọ." Nígbà tí wọ́n mú òkété, ó wọn ibi tó rò pé ìtẹ́ náà yóò parí sí, ó sì fi igi sàmì sí i.

Wọ́n ń gbẹ́ ẹ. Ọkọ́ dé ìdí igi, ó kọjá igi, ìtẹ́ kò parí. Nígbà tó parí tán, wọ́n gé okùn tó gùn tó ara òkété. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta náà ló lọ.

"Òkété kò fi ara èlírí wọn ilé tirẹ̀," ni Láyọnu wí. "Ara rẹ̀ ló fi wọ̀n ọ́n. Bí amọ̀ bá di ìlọ́po méjì, omi náà á di ìlọ́po méjì. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́."

Inú wọn dùn. Wọ́n sun eku wọn jẹ, ọmọdé ni wọ́n. Láyọnu ní kí wọ́n wá lọ wọn ilé, kí wọ́n fi ara ẹni tó ń gbé ibẹ̀ wọ̀n ọ́n.

Ìbídùn nìkan ni ọmọbìnrin láàrin wọn, ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ tí kò bá tíì rò ó tán. Ó ní, "Bàbá, tiyín ni mo fẹ́ wọ̀n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dùbúlẹ̀."

Láyọnu na ara rẹ̀ sílẹ̀ nínú àgbàlá. Ìbídùn fi ọwọ́ di orí rẹ̀ mú, ó na okùn dé gìgísẹ̀ rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí ọwọ́ ènìyàn ti kan baba náà. Ó pa ojú dé, kò fẹ́ kí ọmọ náà tètè ṣe tán.

Ìbídùn gé okùn, ó sì fi í wọn gígùn ilé náà láti yàrá dé yàrá. Ó ń ṣa òkúta wẹ́wẹ́ kan fún okùn kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó padà dé, ó da òkúta náà sílẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ya mẹ́ta sọ́tọ̀.

"Bàbá, tiyín nìyí. Ta ló ni ìyókù?"

"Àwọn ọmọ mi ni."

"Níbo ni wọ́n wà, kí n lè wọ̀n wọ́n?"

Láyọnu dìde nílẹ̀. Ó ní kí gbogbo wọn máa lọ sílé. Nígbà tí àgbàlá dákẹ́, ó mú òkúta náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń pe orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ bó ti máa ń pè é fún àwọn yàrá. Òkúta kò jẹ́. Ìgbà náà ló yé e pé yàrá náà kò jẹ́ rí. Láyọnu sunkún, ó sunkún sókè, kò sì sí ẹni tó máa gbọ́ nínú gbogbo ilé ńlá yẹn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó gbé àpáàdì rẹ̀ dé ẹnu yàrá àkọ́bí rẹ̀, ó dúró, ó sì gbé e padà. Nígbà tí àwọn ọmọdé dé, ó ní, "Ẹ pọn omi wá. Ilé kan wà tá a fẹ́ kọ́."

"Ti ta ni, Bàbá?"

"Ti eku kan ni."

Bánkọ́lé ka igbá amọ̀ méjìlá, ó da igbá omi mẹ́rin sí i, ó sì ń wojú Láyọnu tẹ̀rù-tẹ̀rù. Láyọnu mi orí sí i pé ó tọ́. Ìbídùn na okùn sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí wọ́n tó fi amọ̀ lé ilẹ̀, ó sì dúró.

"Ṣé ká fi díẹ̀ kún un de àwọn ọmọ yín?"

Láyọnu wo ilé ńlá náà títí. "Rárá," ló wí. "Bí wọ́n bá dé, a ó wọ̀n wọ́n, a ó sì mọ tiwọn fún wọn."

Ní àkókò òjò tó tẹ̀lé e, ikán jẹ òrùlé ilé ńlá náà, yàrá ń wó tẹ̀lé yàrá, Láyọnu sì ń gbọ́ ọ láti inú ilé kékeré rẹ̀. Iná kan ṣoṣo ló ń dá, èéfín rẹ̀ sì kárí gbogbo òrùlé. Kí ẹnikẹ́ni má tàn yín: ìdáwà náà kò kúrò. Ó kàn wá mọ níwọ̀n tí ẹnì kan lè gbé ni.

Bí àlejò bá kọjá, tó bèèrè pé kí ni odindi mọlémọlé ń ṣe nínú irú ahéré báyìí, òwe yìí ni Láyọnu fi ń dá a lóhùn. Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó sọ ọ́ sí ẹnikẹ́ni, ẹ kọ́kọ́ bèèrè àwọn tó ti kúrò nílé rẹ̀. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́.